Rélùwéè Bàbá àti Dikódà Tó Fún Un Lóhùn

Ojú irin kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Nígbà tí wọ́n ń fa irin láti Ìbàdàn lọ sókè, ọ̀nà Òṣogbo ni wọ́n gbé e gbà. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, àwa sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú wa tó ń ṣòwò lọ sí Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti Kánò kò jẹ́ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́: wọn á wọ mọ́tò dé Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin, wọn á sì wọ rélùwéè níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí àgbàlagbà ní Òkè Ẹlẹ́rìn tó máa to orúkọ téṣàn lẹ́sẹẹsẹ fún yín láti Ọ̀ffà dé Mínà.

Ẹni tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí kì í ṣe èrò ọkọ̀ lásán. Fáyámáànù ni, òun ló ń fi ṣọ́bìrì da èédú Enugu sínú iná ọkọ̀ kí àwọn oní-díísù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oní-sitíìmù. Bàbá Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Jámánì ló gbé rélùwéè àwòṣe kan wálé fún un, òun náà ló sì pè mí lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ní kò dún.” Ẹ̀rọ rédíò àti áńpù ni mo ń tún ṣe ní Tákìé, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ní wáyà àti sípíkà nínú, iṣẹ́ mi ni.

Àwòṣe ni mo pè é, kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń fà ní okùn. Pẹ̀lú téńdà tó ń ru omi àti èédú lẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá àgbàlagbà, ọwọ́ méjèèjì ni a sì fi ń gbé e. Ìdílé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní G ló ti wá, èyí tí àwọn tó ń ṣe rélùwéè àwòṣe LGB ní Nuremberg, ní Jámánì, gbé jáde ní 1968, tí àárín irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 45. Irin tiwa ní Nàìjíríà, ti àtijọ́ yẹn, jẹ́ mílímítà 1,067. Tí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tí wọ́n bá kéré sí ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin 45 yìí mu gẹ́lẹ́ fún ilẹ̀ wa. Èyí tí ọmọ Bàbá rà jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ètò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni 2-8-2: méjì kékeré níwájú, mẹ́jọ ńlá láàárín, méjì kékeré lẹ́yìn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ River tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948, àwọn tí wọ́n fi orúkọ odò sọ, tí Ìlà Oòrùn Áfíríkà sì wo àwòrán wọn ṣe kíláàsì 29 tiwọn. Bàbá ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Kì í ṣe tiwa, àmọ́ ìbátan wa ni.”

Ọkọ̀ náà ń rìn dáadáa. Iná rẹ̀ ń tàn. Ó kàn ń lọ bí ológbò ni, kò mí, kò ké. Bàbá ní òun kò lè máa wo ohun tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa yí òun ká.

Kí a tó dárúkọ dikódà kankan

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: dikódà ni pátákó kékeré inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ. Inú irin kan náà ni iná àti àṣẹ ń gbà wá. Ẹ̀rọ ìdarí á ránṣẹ́ pé “nọ́ńbà 3, sáré díẹ̀, fọn fèrè,” gbogbo dikódà tó wà lórí irin á gbọ́ ọ, èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà 3 nìkan ni yóò dáhùn. DCC (Digital Command Control) ni orúkọ ètò yìí. Láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì ló ti wá, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn oní-rélùwéè àwòṣe ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ di òfin gbogboogbò ní àwọn ọdún 1990, ìyẹn ló fi jẹ́ pé dikódà ilé iṣẹ́ kan máa ń gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìdarí ilé iṣẹ́ mìíràn. Dikódà olóhùn ní áńpù kékeré nínú, ó sì ní ibi tí wọ́n tọ́jú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lára ọkọ̀ gidi sí.

Ọmọ Bàbá ti fi orúkọ bíi márùn-ún ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fídíò wọn, ó fẹ́ kí n sọ èyí tó dùn jù. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iye iná tí mọ́tọ̀ inú ọkọ̀ yìí ń jẹ, torí dikódà tó dùn bí oyin, tí kò bá lè gbé mọ́tọ̀, èéfín ni yóò kọ́kọ́ fọ̀.

Mo so mítà mọ́ ọn lórí fólítì 18. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè tó ń yí lórí afẹ́fẹ́, kò ju áńpíà 0.6 lọ. Lórí irin, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ èrò lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ 1.1. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá kí ẹsẹ̀ má lè yí, fún ìṣẹ́jú àáyá péré, mítà sì fò dé 2.3. Nọ́ńbà yìí gan-an ni mo ń wá. Ọjọ́ tí okùn bá há sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí tí ọmọ-ọmọ Bàbá bá dì í mú, iye tí dikódà gbọ́dọ̀ lè gbé láìjóná nìyẹn, a ò tíì ka ẹ̀rọ èéfín àti gílóòbù mọ́ ọn.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn dikódà kékeré ṣe parí nìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣe fún rélùwéè orí tábìlì máa ń gbé áńpíà kan tàbí díẹ̀ lé. Owó wọn kéré, ohùn inú wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ńlá, ẹnìkan sì ti sọ fún ọmọ Bàbá pé kó ra ìyẹn, pé “ọkọ̀ náà kì í kúkú sáré.” Ọkọ̀ tí kì í sáré ló ń jẹ iná jù nígbà tó bá há.

Àwọn tí a gbé yẹ̀ wò

Ohun mìíràn tí mo yọ kúrò nílẹ̀ kíákíá ni ètò rédíò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní rélùwéè ńlá nínú ọgbà máa ń kó bátìrì sínú téńdà, wọ́n á fi rédíò ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ojú irin á tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá nílùú tí iná ọba ti ń wá bí àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú rédíò wọn tó gbajúmọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí megahertz 900 àti díẹ̀, orí ibẹ̀ gan-an sì ni fóònù GSM ti ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ bá òpó fóònù jà lè rà á. Iná inú irin la mú, pẹ̀lú kàpásítọ̀ tó máa gbé dikódà ró fún ìgbà díẹ̀ tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kọjá lórí ìdọ̀tí. Ẹ̀rọ ìdarí wà lórí ínfátà Bàbá.

Ìdọ̀tí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ojú irin náà, bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gbogbo kọ̀rídọ̀ ilé Bàbá tí a tẹ́ ẹ sí. Dikódà tí kò ní ohun tó ń gbé e ró máa ń kú, á tún jí, ohùn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iná sí bọ́ílà. Kò sí ohun tó ń ba ohùn rélùwéè jẹ́ tó ìyẹn.

Àwọn tó kù nílẹ̀ jẹ́ dikódà ńlá. SoundTraxx ti Durango ní Colorado ní Tsunami2 kan, TSU-4400, tó ń gbé áńpíà mẹ́rin. Èmi gbà pé nínú gbogbo wọn, òun ló mọ bí èémí ọkọ̀ ṣe ń wúwo jù: tí ọkọ̀ bá ń gòkè, ohùn á le, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á rọ̀, torí ó ń wo bí mọ́tọ̀ ṣe ń làágùn. Ó sì rọrùn, ohùn oríṣiríṣi ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, a kàn ń fi nọ́ńbà CV, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tí a fi ń tún ètò inú dikódà ṣe, yan èyí tó wù wá. Ìṣòro rẹ̀ fún wa wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an: èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ò lè fi sí i.

LokSound 5 ti ESU, ilé iṣẹ́ Jámánì, wà ní L àti XL fún ọkọ̀ ńlá. Ó lè gbé ohùn mẹ́wàá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣe kókó ni pé gbogbo ohùn inú rẹ̀ ṣeé pa rẹ́ kí a kọ òmíràn, tí èèyàn bá ní àpótí LokProgrammer tó ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Zimo ti Vienna náà ṣeé kọ bẹ́ẹ̀, mọ́tọ̀ máa ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Massoth wà, àwọn tó ní LGB fẹ́ràn rẹ̀. Phoenix ń ṣe pátákó ohùn nìkan, tí kì í darí mọ́tọ̀. A bá lò ó ká ní dikódà mìíràn ti wà nínú ọkọ̀.

Ní ọ̀sán kan mo gbé sípíkà dáadáa lọ sílé Bàbá, mo ń gbé ohùn wọn sí i létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí fóònù. N kò sọ orúkọ kankan fún un. Fèrè Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ dún, èyí tó ń jáde ní ohùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀. Bàbá mirí.

“Ìyẹn ń kọrin. Tiwa ń ké ni.”

Mo fi òmíràn sí i. Agogo dún nínú rẹ̀, torí ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa ń lu agogo bó bá ń wọ téṣàn. Bàbá wò mí: “Ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí rélùwéè?”

Agogo ṣeé pa nínú dikódà èyíkéyìí, ẹ kàn máa dín ohùn rẹ̀ dé òdo. Fèrè ni kò ṣeé fi ṣeré. Nígbà tí mo gbé ohùn ọkọ̀ ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sí i, onísìlíńdà méjì, fèrè olóhùn kan, Bàbá dìde lórí àga. Ó ní kò tíì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé tiwa tún ga díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí lè kọjá ní Jẹ́bà kí ẹnikẹ́ni má yíjú. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé dikódà tó ṣeé kọ ni a ó rà, torí “ga díẹ̀” yẹn, kọ̀ǹpútà nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lórí ìyípo kan

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fojú fo ohun tó ṣe pàtàkì jù. Sìlíńdà méjì ni ọkọ̀ bíi River ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Sitíìmù ń ti písítìnnì láti iwájú, ó tún ń tì í láti ẹ̀yìn, nítorí náà sìlíńdà kọ̀ọ̀kan máa ń mí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹsẹ̀ ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í de apá ọ̀tún àti òsì sí ojú kan náà. Ọ̀kan máa ń fi ìdá mẹ́rin ìyípo ṣíwájú èkejì, kí ọkọ̀ má bàa há níbi tí kò ti ní agbára. Èémí mẹ́rin ló wà lórí ìyípo kan, àlàfo wọn dọ́gba. Fàkà-fìkì-fàkà-fìkì tí gbogbo ọmọdé ń fi ẹnu ṣe, ìyípo kan péré ni.

Mo wọn ẹsẹ̀ ńlá ọkọ̀ àwòṣe náà: mílímítà 51 láti etí dé etí. Ìyípo kan á gbé e lọ ní mílímítà 160, ìyẹn ni pé lórí gbogbo mílímítà 40, ó gbọ́dọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ojú lè ka ìyẹn, pàápàá ojú ẹni tó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Dikódà lè fojú díwọ̀n èyí fúnra rẹ̀. Nínú LokSound, CV57 àti CV58 la fi ń sọ fún un bí èémí ṣe gbọ́dọ̀ yá tó bí ọkọ̀ bá ń rọra rìn àti bó bá ń sáré. Fún rélùwéè orí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju owó ẹyọ lọ, ó tó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lórí ọkọ̀ ńlá, ó máa ń bọ́ sọ́nà fún ìṣẹ́jú kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí Bàbá wo fídíò ọkọ̀ kan tó ń lo ìdíwọ̀n yẹn, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ọ̀pá rẹ̀ ti débẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì ń bọ̀.” Ìyẹn la fi parí ọ̀rọ̀. A ra LokSound 5 L, ó ń gbé áńpíà mẹ́ta lórí mọ́tọ̀, ó gba wáyà láti ara ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ máa sọ ìgbà tí yóò mí, ó sì ṣeé kọ. XL rọrùn láti so, torí sùkúrù la fi ń de wáyà rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò nílò ohun tó lé nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ga. Owó LokProgrammer ló tilẹ̀ dun ọmọ Bàbá jù. Mo sọ fún un pé láìsí i, ìyàtọ̀ wo ló wà nínú ohun tó rà àti èyí tí kò ṣeé kọ?

Òòfà mẹ́rin, tí kò ju mílímítà mẹ́ta lọ, ni mo lẹ̀ mọ́ inú ẹsẹ̀ kẹta pẹ̀lú gọ́ọ̀mù alápòpọ̀. Mo kọ́kọ́ gé páálí róbótó, mo fa ìlà àgbélébùú sí i lórí, mo sì fi gún ojú ibi tí òòfà kọ̀ọ̀kan máa wà, torí bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á máa tiro létí. Mo yan Hall sensor, ẹ̀yà kékeré tó ń mọ̀ bí òòfà bá kọjá níwájú rẹ̀, dípò súìṣì inú gíláàsì tí òòfà máa ń pa dé. Súìṣì yẹn rọrùn, kò sì bìkítà nípa ojú tí òòfà kọ síta, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ̀n bó bá pa dé, dikódà á ka èémí kan sí méjì, gíláàsì rẹ̀ sì lè fọ́. Hall sensor irú tí mo lò fẹ́ kí òòfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ojú kan náà sí i, mo sì fi pẹ́ẹ̀nì pupa sàmì sí ojú yẹn kí n tó lẹ ọ̀kankan. Àlàfo àárín òòfà àti sensor kò ju mílímítà kan àti ààbọ̀ lọ.

Ibo ni kí sensor dúró sí? Ìwé kankan kò sọ ọ́ fún mi bí Bàbá ṣe sọ ọ́. Ó gbé dígí sójú, ó fi ìka yí ẹsẹ̀ ńlá náà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ọ̀pá písítìnnì tó ń wọlé tó ń jáde. Bó ṣe kù díẹ̀ kí ọ̀pá náà dé òpin ìrìn rẹ̀, ó dúró. “Ibí. Sitíìmù ti ṣiṣẹ́ tán, ilẹ̀kùn ti ṣí, ibí ló ti ń mí.” Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, mo sì de sensor mọ́ ojú àmì náà. Níwọ̀n bí àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dọ́gba, bí ọ̀kan bá ti bá a mu, ìyókù ti bá a mu.

Sípíkà

Èyí kò pẹ́. LokSound 5 gba sípíkà láti óòmù mẹ́rin dé méjìlélọ́gbọ̀n, ti inú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú, óòmù mẹ́jọ, sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbọ́ mẹ́ta, mo mú èyí tí páálí rẹ̀ gbòòrò jù tó lè wọ téńdà. Sípíkà tí kò ní àpótí dà bí awọ ìlù tí kò sí lórí igi. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa pa ti iwájú, gbogbo ohùn tó nípọn á ṣòfò. Mo fi páànù àti gọ́ọ̀mù dí inú téńdà pa, mo dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ohùn máa dojú kọ irin, èédú orí rẹ̀ sì wà bó ṣe wà.

Bó ṣe wà báyìí

Mo gbé ohùn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn láti inú àwọn tí ESU fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo yọ fèrè rẹ̀ sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo gbé e ga díẹ̀, mo kọ ọ́ padà. Bàbá ní kí n tún gbé e ga. Mo gbé e ga. Ó ní ó ti pọ̀ jù. A pàdé láàárín.

Lórí kọ̀rídọ̀, èémí àti ọ̀pá ń lọ pọ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Ohun tí Bàbá ń lò jù ni bọ́tìnnì tí LokSound ń pè ní Drive Hold: á mú kí ọkọ̀ dúró lórí eré kan, kí ọwọ́ ẹni máa yí ohùn nìkan padà. Á jẹ́ kí ó mí kíkankíkan bí ẹni ń gòkè, á sì ti sitíìmù pa kí ọ̀pá nìkan máa dún kànkànkàn, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó ilé kejì ti wá fẹjọ́ sùn nípa fèrè lẹ́yìn ìsun ọmọ, mo sì fi CV63, tó ń darí gbogbo ohùn, sọ ọ́ kalẹ̀ láti 192 sí 110. Bàbá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e padà sókè. Ohùn bíréèkì ṣì ń pẹ́ kó tó dún, ìyẹn ni mo máa tún ṣe lọ́jọ́ tí mo bá tún gbé kọ̀ǹpútà débẹ̀.

Ẹnìkan láti Ọ̀yọ́, ní ìtòsí Akẹ̀sán, ti gbọ́. Garratt ló ní, irú tí ilé iṣẹ́ Beyer Peacock ṣe ní Manchester láyé àtijọ́, tí bọ́ílà kan ń bọ́ ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìyẹn máa ń mí lẹ́ẹ̀mẹjọ, àwọn méjèèjì á ṣe pọ̀, wọ́n á yà, wọ́n á tún pàdé, torí wọn kò so ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Ó lè fi sensor sí ẹ́ńjìnnì kan kí dikódà máa fojú díwọ̀n èkejì, tàbí kó ra dikódà ohùn méjì àti sípíkà méjì, kí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Èkejì ni mo faramọ́. Ó ní kí n sọ iye tó máa jẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà wá kí n so mítà mọ́ ọn.